Ta Ni Ó Ń Bá Wí Lábẹ́ Mọ́tò?

Mo ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ọkọ mi yóò wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì nígbà tí mo gbọ́ ìró mọ́tò lẹ́yìnkùlé. Mo ti lọ ara ṣẹ́ẹ̀tì náà àti apá òsì tán; ó ku apá ọ̀tún. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti gbé e jáde láti fẹ́ iná rẹ̀. Mo kọ gbogbo èyí sílẹ̀ nítorí pé àwọn èèyàn ọkọ mi sọ lẹ́yìn náà pé ṣe ni mo dúró ti àwọn ọkùnrin níbẹ̀ láti àárọ̀, tí mo ń wá ọ̀rọ̀ sọ. N kò dúró ti ẹnikẹ́ni. Aṣọ ni mo ń lọ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Aramọkọ ni a ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́ta tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá ọkọ mi. Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Erio. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń pè é. Àlòkù ni mọ́tò wa, kò sì tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ wa. Òkúta pọ̀ lójú ọ̀nà Erio nígbà náà. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú, ọ̀kan nínú wọn gbá páìpù èéfín tí ó wà lábẹ́ mọ́tò náà, ìdè rẹ̀ já, ó sì ń wọ́ nílẹ̀ títí ó fi dé ilé. Ọkọ mi kò fẹ́ gbé mọ́tò náà lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ní wáyà lásán ni òun yóò fi so ó, pé kò ní pẹ́.

Nígbà tí mo jáde sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ó sì ti tẹ́ ẹní sílẹ̀. Bàbá Dírẹ́bà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mọ́tò, ó ń tẹ jáàkì. Ìbátan ọkọ mi ni Bàbá Dírẹ́bà, ó sì tó ogún ọdún jù ú lọ. Ó ti wa lọ́rì kòkó láti Ijurin dé Ìbàdàn títí ojú fi ń dùn ún tí ó sì padà wálé. Kò sí ẹni tí ó ń bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò ní àdúgbò wa. Òun ni ó ni jáàkì náà. Kì í ṣe irú èyí tí a ń fi ọwọ́ yí sókè yí sílẹ̀. Ti lọ́rì ni, epo wà nínú rẹ̀. Bí a bá ń tẹ irin rẹ̀, yóò máa gbé mọ́tò sókè díẹ̀díẹ̀. Síkúrù kékeré kan wà ní ìdí rẹ̀. Bí a bá yí síkúrù náà sósì, epo yóò padà, mọ́tò yóò sì wálẹ̀. Kì í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo wo ilẹ̀ kí n tó wo nǹkan mìíràn. Ẹ̀yìnkùlé wa rọ̀ sí ìsàlẹ̀ lápá kan, bíi gbogbo ẹ̀yìnkùlé tí ó wà lẹ́bàá òkè. Kò sí òkúta lẹ́yìn táyà kankan. Jáàkì dúró lórí ilẹ̀ tí òjò àná ti rọ̀, kò sí pákó lábẹ́ rẹ̀. Táyà ọ̀tún níwájú ti kúrò nílẹ̀. N bá ti igbá wọ abẹ́ rẹ̀ bí mo bá fẹ́. Yàtọ̀ sí jáàkì yẹn, kò sí ohunkóhun tí ó gbé apá ibẹ̀ dúró.

Ìwé kékeré kan wà tí ó bá mọ́tò náà wá. Èmi nìkan ni mo kà á nínú ilé, láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, nítorí pé mo fẹ́ràn láti mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, mo sì ti ka ìwé mẹ́wàá tán kí wọ́n tó gbé mi níyàwó. Ìwé náà sọ ọ́ kedere pé jáàkì wà fún gbígbé mọ́tò sókè, kò wà fún mímú un dúró. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ó ní kí a wá ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí a fi nǹkan há àwọn táyà tí ó wà nílẹ̀, kí a gbé mọ́tò lé ohun tí ó le gírígírí, kí a sì fi ọwọ́ mì í wò kí a tó ti orí bọ abẹ́ rẹ̀. Mo ti ka ibẹ̀ fún ọkọ mi rí. Ó ní àwọn tí ó kọ ọ́ kò gba ọ̀nà Erio rí.

Mo tún sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. N kò pariwo, n kì í pariwo. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀, kí n fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, kí n sì gbé ìtì ìrókò méjì wá, àwọn tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n ń kan àjà ilé wa. Bàbá Dírẹ́bà kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ọkọ mi ni ó bá sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, ìyàwó rẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi o."

"Ìwé ni ó kà, Bàbá Dírẹ́bà. Ẹ má dá a lóhùn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ọkọ mi sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó wọ abẹ́ mọ́tò.

Mo lọ gbé òkúta méjì nínú àwọn òkúta ààrò mi, mo fi wọ́n há táyà ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí ó dá mi dúró, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń wò mí. Mo gbé àwọn ìtì ìrókò náà wá, mo gbé ọ̀kan lé ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo di èkejì mú. Ó gùn tó láti ìgbọ̀nwọ́ mi dé orí ìka, ó nípọn, gbẹ́nàgbẹ́nà sì ti rẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì kí ó tẹ́jú. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í wọ abẹ́ irin gbọọrọ tí ó gbé ara mọ́tò, ní ẹ̀yìn ibi tí jáàkì wà. Igi náà kan ìgbọ̀nwọ́ ọkọ mi. Wáyà tí ó ń so bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bínú.

"Fi í sílẹ̀," ni ó wí.

Gbogbo ohun tí ó wí nìyẹn. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé kí n fi igi náà sílẹ̀, kí n yé tì í. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe gbọ́ ọ. Mo mú ọwọ́ mi kúrò lára igi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wà nídìí jáàkì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà bíi pé kí a sọ mọ́tò kalẹ̀. Bàbá Dírẹ́bà ti kọjú sí ojú ọ̀nà ní tirẹ̀, ó ń kí ẹnì kan tí ó ń ti oko bọ̀. Ó gbọ́ "sílẹ̀". Ó rò pé ọkọ mi ti so páìpù tán, pé ó ti jáde. Kò yíjú padà wò. Ó na ọwọ́ sí síkúrù, ó yí i sósì.

Ìró tí mọ́tò náà mú wá kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí a ju àpò kòkó kan sílẹ̀. Irin gbọọrọ náà bọ́ lé orí igi, igi sì rì sínú ilẹ̀ rírọ̀ díẹ̀, ó wá dúró. Igi náà kò tíì wọlé ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi kan lọ nígbà tí ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, mo padà lọ wọn àyè tí ó ṣẹ́ kù láàárín irin náà àti ibi tí àyà ọkọ mi wà lórí ẹní. Ìka mẹ́rin ni, mo sì fi í hàn wọ́n. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò sí nínú àyè yẹn. Abẹ́ irin ni ó wà.

Kò ké. Ó kàn ń mí kíákíá. Bàbá Dírẹ́bà dìde dúró, ó ká ọwọ́ méjèèjì lórí. Èmi ni mo ní kí ó tún jáàkì tẹ̀; ìgbà mẹ́ta ni mo sọ ọ́ kí ó tó gbọ́. Àwọn ọkùnrin sáré wá láti ilé kejì, wọ́n di ẹsẹ̀ ọkọ mi mú, wọ́n fẹ́ fà á. Mo ní kí wọ́n má tíì fà á títí n ó fi ti igi kejì bọ abẹ́ irin náà. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá orí mi pé. Mo ti igi náà wọlé títí ó fi dúró dáadáa, mo wá ní kí wọ́n máa fà á.

Ọ̀nà méjì ni egungun apá rẹ̀ ti ṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí ó ń to eegun ní Ijurin ni a gbé e lọ, ó sì ju oṣù méjì lọ kí ó tó lè di ṣọ́ọ̀kì mú padà.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìtàn náà ti yí padà. Bí mo bá lọ sí ọjà, wọ́n á kí mi pé mo kú ewu; bí mo bá ti kọjá díẹ̀, mo ń gbọ́ ìyókù. Wọ́n ní èmi ni mo ń bá àwọn ọkùnrin fa ọ̀rọ̀ tí ọkàn Bàbá Dírẹ́bà fi kúrò níbi iṣẹ́. Wọ́n ní Ògún ni mo mú bínú nítorí pé mo fi ọwọ́ obìnrin kan irin rẹ̀. Bàbá ọkọ mi, tí ó ń bọ Ògún lọ́dọọdún, kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n ń sọ ọ́. Inú bí mi nígbà náà, ó sì tún ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí, èmi tí mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Èmi ni mo wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò náà, n kò sì rí Ògún níbẹ̀. Síkúrù ni mo rí, àti ọwọ́ tí ó yí i, àti ilẹ̀ tí òjò rọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, bàbá ọkọ mi pe gbogbo wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí ìbátan méjì máa fi kọ̀rọ̀ ojú wo ara wọn. Bàbá Dírẹ́bà ni ó kọ́kọ́ rojọ́. Ó ní láti kékeré ni Tíṣà ti ń bọ̀wọ̀ fún òun, pé ohun tí òun gbọ́ létí òun méjèèjì ni "Ẹ fi í sílẹ̀", òun sì ṣe ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe.

Láti ìgbà tí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìjókòó náà ti di ọ̀rọ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo. Bí ọkọ mi bá wí pé "Ẹ fi í sílẹ̀", àgbà ni ó ń bá wí, a jẹ́ pé Bàbá Dírẹ́bà kò jẹ̀bi. Bí ó bá wí pé "Fi í sílẹ̀", ìyàwó rẹ̀ ni ó ń bá wí, kò sì yẹ kí ẹlòmíràn jẹ́ ẹ. Ọkọ mi kì í bá Bàbá Dírẹ́bà sọ̀rọ̀ láìfi "ẹ" sí i. Lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó tó wọ abẹ́ mọ́tò, ó wí fún un lójú mi pé kí ó má dá mi lóhùn, "Ẹ má dá a lóhùn" ni ó sì wí. Èmi ni mo súnmọ́ ẹnu rẹ̀ jù lọ nígbà tí ó wà lábẹ́ mọ́tò. Kò sí "ẹ" níbẹ̀.

Bàbá ọkọ mi bi í pé, "Tíṣà, kí ni o wí gan-an?"

Ọkọ mi wo apá rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀pá dè. Ó wo orí Bàbá Dírẹ́bà tí ó ti funfun.

"N kò rántí dáadáa, Bàbá," ni ó wí.

Mo wò ó. Ó rántí. Mo ti bá a gbé tó láti mọ̀ ọ́n lójú rẹ̀ nígbà tí ó bá rántí nǹkan.

Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, mo tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀. Mo ní, "'Fi í sílẹ̀' ni wọ́n wí, Bàbá. Kò sí 'ẹ' níbẹ̀. Èmi ni wọ́n ń bá wí."

Àgbàlagbà náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe pẹ̀lú ìkà. "Ìyàwó, ilé ìwé ni ẹ ti kó 'ẹ' yẹn bọ̀. Nígbà tiwa ní ìlú yìí, a kì í pe ẹnì kan bí ẹni pé ó di méjì. 'O' ni mo ń pe bàbá mi títí ó fi kú, kò sì gbá mi létí rí. Ta ló lè fi 'ẹ' mọ ẹni tí ọmọ Èkìtì ń bá wí?"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àǹtí ọkọ mi kan ní ó mà ṣe o, pé ará Ìjerò ni a fẹ́ sílé, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ẹni tí yóò máa ka ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí iṣu orí àtẹ ni. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Bàbá Dírẹ́bà náà rẹ́rìn-ín. Bàbá ọkọ mi wá dá ẹjọ́. Ó ní kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé èmi ni mo kéré jù níbẹ̀, kí n bẹ Bàbá Dírẹ́bà kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi bí mo ti ń bẹ̀ ẹ́, títí di òní n kò tíì dárí ẹ̀bẹ̀ yẹn ji ara mi.

Nígbà tí a dé ilé, mo bi ọkọ mi léèrè ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí òun jókòó níwájú bàbá òun kí òun sọ fún arúgbó bíi Bàbá Dírẹ́bà pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó sọ mọ́tò lé òun lórí. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ní ó ṣe tán, apá òun ni ó ṣẹ́, kì í ṣe apá mi.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi ń gbé "ẹ" yẹn káàkiri nínú orí mi. Bí mo bá ń rin omi sí garawa, bí mo bá ń gún iyán, mo ń tún ohùn rẹ̀ gbọ́ lábẹ́ mọ́tò, mo ń wá "ẹ" níwájú rẹ̀, n kò sì rí i. Ìgbà tí ó yá ni mo tó mọ̀ pé ibi tí kò yẹ ni èmi náà gbé ìjà mi sí. Kí "ẹ" wà níbẹ̀, kí ó má sí níbẹ̀, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹnu lè pa ẹnikẹ́ni lábẹ́ mọ́tò. Ká ní igi méjì ti wà lábẹ́ irin kí ọkọ mi tó wọlé ni, Bàbá Dírẹ́bà ì bá yí síkúrù títí ọwọ́ fi ro ó, mọ́tò kò ní kúrò níbi tí ó wà. Èyí ni ó wá mú inú bí mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo ilé jókòó, wọ́n tú ẹnu èèyàn mẹ́ta wò, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó béèrè ibi tí igi wà.

Wáyà tí wọ́n padà wá fi so páìpù náà já lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ọjọ́ Sátidé tún ni. N kò rántí ohun tí mo ń ṣe nínú ilé lọ́jọ́ yẹn; mo rántí pé mo gbọ́ ìró jáàkì, mo sì jáde. Bàbá Dírẹ́bà ti gbé mọ́tò sókè. Ọkọ mi ń tẹ́ ẹní. Kò sí òkúta lẹ́yìn táyà. Àwọn ìtì ìrókò wà lẹ́bàá ògiri níbi tí mo tò wọ́n sí, ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré sí mọ́tò.

Mo bi ọkọ mi pé igi ńkọ́. Ó rọra dá mi lóhùn, bí ẹni tí ó ti ronú sí i. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí àwọn ti fi ẹnu kò: kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ rárá. Òun yóò wọlé, òun yóò so ó, òun yóò jáde, kò sí ẹni tí yóò la ẹnu títí òun yóò fi dìde dúró. Bàbá Dírẹ́bà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tí wọ́n rí kọ́ nìyẹn. Apá ṣẹ́, ìjókòó wáyé, mo kúnlẹ̀, ohun tí àwọn ọkùnrin méjèèjì rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́.

Mo tú gèlè mi, mo fi í sórí mọ́tò. Mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní náà, mo sì fi gìgísẹ̀ ti ara mi wọ abẹ́ mọ́tò títí irin gbọọrọ náà fi wà lókè àyà mi. Mo mọ̀ pé ohun tí ìwé náà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ni mo ń ṣe. Mo mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni ṣe bíi tèmi. Mo ti sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu, mo ti kà á nínú ìwé, mo ti fi ìka mẹ́rin hàn wọ́n. N kò mọ ohun mìíràn tí ó kù tí wọn yóò gbọ́.

Ó gbóná níbẹ̀. Epo dúdú ń kán sílẹ̀ lẹ́bàá etí mi. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mo lè rí: bàtà ọkọ mi, àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ Bàbá Dírẹ́bà nídìí jáàkì.

Mo ní, "Bàbá Dírẹ́bà, ọwọ́ yín wà níbi jáàkì. Ẹ jẹ́ kí Tíṣà sọ ohunkóhun tí ó bá wù wọ́n."

Mo rí i tí ẹsẹ̀ Bàbá Dírẹ́bà sún sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Ohùn rẹ̀ ti yí padà nígbà tí ó ní, "Ìyàwó, má ṣe báyìí sí mi." Ọkọ mi kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí n jáde. Ó ní òun yóò lọ pe bàbá òun. Mo ní kí ó lọ pè wọ́n, kí ó pe àǹtí rẹ̀ náà, kí wọ́n gbé àga wá kí wọ́n tún jókòó. Ẹsẹ̀ Bàbá Dírẹ́bà yí padà, ó ń lọ sí apá ibi ògiri, níbi tí àwọn ìtì ìrókò wà.

Ìgbà náà ni eékún ọkọ mi kan ilẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì lélẹ̀. Ti ọ̀tún kò tíì nà tán nígbà yẹn. Ó tẹ orí wálẹ̀ títí mo fi rí ojú rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí ẹni tí ó wà níbi ògiri má baà gbọ́.

"Ìwọ ni mo ń bá wí lọ́jọ́ náà. Kò sí 'ẹ' níbẹ̀. Jáde, jọ̀ọ́."